Àṣìṣe Ọwọ́: Ìtàn Àwọn Tí Ó Wádìí Bí Ọwọ́ Ènìyàn Ṣe Ń Bá Àmì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òwe yìí ń kọ́ni pé kò sí ọwọ́ tí ó lè dá gbogbo iṣẹ́ ṣe tán. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òwe náà kò sọ. Ọwọ́ tí ó gùn tó pẹpẹ pàápàá kì í gba ọ̀nà kan náà dé orí pẹpẹ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ènìyàn gbé ife omi ka orí tábìlì, kí ó sì na ọwọ́ mú un ní ìgbà ogún. Ní gbogbo ìgbà náà ni ọwọ́ rẹ̀ yóò tẹ ife. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń ṣọ́ ọ̀nà tí ọwọ́ náà ń gbà, yóò rí i pé ogún ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀kan gba òkè díẹ̀, òmíràn gba ìsàlẹ̀; ọ̀kan yá, òmíràn falẹ̀; ìka kan ife ní ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kàn án ní àárín lẹ́ẹ̀kejì. Bí wọ́n bá sì wí fún un pé kí ó ṣe kíákíá, kò ní pẹ́ tí omi yóò fi dànù.

Nígbà tí omi bá dànù, ta ni ó jẹ̀bi? Nínú ilé, ọmọ tí ó da omi nù ni wọ́n ń bá wí pé kò fara balẹ̀. Ní ibi iṣẹ́, òṣìṣẹ́ tí ó ba irin jẹ́ ni wọ́n ń gé owó rẹ̀. Nínú ọkọ̀ òfurufú, awakọ̀ tí ó ṣi ọ̀pá ìdarí kan mú fún òmíràn ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ẹ̀sùn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń wádìí bóyá ìdájọ́ yìí tọ́ tàbí kò tọ́. Ìwádìí wọn bẹ̀rẹ̀ ní New York, ó dé ojú ogun, ó dé Moscow, ó sì padà sí Amẹ́ríkà. Ẹnì kan tilẹ̀ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nítorí ohun tí ó gbà gbọ́ nípa rẹ̀. Ohun tí ìtàn náà fi hàn nígbẹ̀yìn ni pé ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ìrìn ọwọ́ kì í ṣe ìwà àìbìkítà. Bí a ṣe dá ara ènìyàn ni. Ẹni tí ó mọṣẹ́ kì í ṣe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í yàtọ̀, bí kò ṣe ẹni tí ó mọ ibi tí ìyàtọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ dé.

Robert Sessions Woodworth ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, wọ́n bí i ní 1869. Ní 1899, nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Columbia ní New York, ó tẹ ìwé kan jáde lórí bí ọwọ́ tí ènìyàn fínnúfíndọ̀ nà ṣe ń bá àmì sí. Ohun èlò rẹ̀ kò díjú. Ó fi bébà wé àgbá kan tí ń yí, ó sì fi pátákó tí ó ní ihò tóóró bò ó. Ẹni tí wọ́n ń dán wò yóò mú pẹ́ńsùlù, yóò máa fà á lọ fà á bọ̀ nínú ihò náà, yóò sì gbìyànjú kí ìlà kọ̀ọ̀kan gùn bákan náà pẹ̀lú èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ tí ń dún kò, kò, kò. Dídún rẹ̀ ni ó ń sọ bí ọwọ́ yóò ti yára tó. Nígbà mìíràn ojú ẹni náà yóò là sílẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á ní kí ó di ojú rẹ̀. Bí àgbá ṣe ń yí, gbogbo àṣìṣe ọwọ́ ń hàn lórí bébà, ó di ohun tí a lè fi ìwọ̀n wọ̀n.

Kí ni Woodworth rí? Nígbà tí ojú bá dì, ìyára tàbí ìfalẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí àṣìṣe ọwọ́ padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú bá là, tí ọwọ́ sì ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, àṣìṣe a kéré jọjọ. Bí ọwọ́ bá sì ti ń yára sí i ni àṣìṣe ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ìrìn ọwọ́ bá tó nǹkan bí 140 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹni tí ojú rẹ̀ là kò sàn ju ẹni tí ojú rẹ̀ dì lọ mọ́. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ojú nílò àkókò kí ó tó rí i pé ọwọ́ ń ṣìnà, ọpọlọ sì nílò àkókò kí ó tó ránṣẹ́ sí apá pé kí ó yà. Bí àkókò náà kò bá tó, ọwọ́ ti dé ibi tí ó ń lọ kí iṣẹ́ tí a rán sí i tó bá a.

Láti inú èyí ni Woodworth ti pín ìrìn ọwọ́ sí ìpele méjì. Ìpele kìíní dà bí ọfà tí ó ti kúrò lórí ọrun: ọwọ́ ń lọ bí ọpọlọ ṣe jù ú sí, kò sì sí ohun tí ó ń tọ́ ọ sọ́nà. Ìpele kejì dà bí ìgbà tí atukọ̀ ń fi ọ̀pá tọ́ ọkọ̀ wọ èbúté: ojú ń wò, ọwọ́ ń yà díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi kan ibi tí ó yẹ. Ẹni tí ó bá ń kánjú kò ní ìpele kejì. Àwọn baba wa ti mọ apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, nígbà tí wọ́n sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára. Ohun tí Woodworth fi kún un ni ìwọ̀n: ó sọ bí ẹ̀sọ̀ náà ti gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kí ojú tó lè ran ọwọ́ lọ́wọ́.

Bí ojú bá ń tọ́ ọwọ́, apá wo nínú ọpọlọ ni ó ń gba iṣẹ́ ojú tí ó sì ń fi í rán ọwọ́? Ogun àgbáyé kìíní, tí ó jà láti 1914 sí 1918, ni ó mú ìdáhùn wá, ìdáhùn náà sì fi ẹ̀jẹ̀ ra. Dókítà Gordon Holmes, ọmọ ilẹ̀ Áyálándì, wà ní Faransé níbi tí ó ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín wọn ni ó ti rí àwọn tí ọta ìbọn wọ ọpọlọ kékeré tí ó wà ní ẹ̀yìn orí, lábẹ́ ọpọlọ ńlá. Ní 1917 ó kọ ohun tí ó rí sínú ìwé. Iṣan apá àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò kú. Wọ́n lè gbé apá, wọ́n sì lè di nǹkan mú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí wọ́n fi ìka kan imú ara wọn, ìka á kọjá imú, tàbí kí ó dúró kí ó tó dé ibẹ̀, bí ó bá sì ti ń súnmọ́ ni á máa gbọ̀n. Bí ọgbẹ́ bá wà ní apá ọ̀tún ọpọlọ kékeré náà, ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń ṣìnà. Ọwọ́ òsì a máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ẹnìkan ṣoṣo, ọkàn kan ṣoṣo, ìfẹ́ kan ṣoṣo láti ṣe déédéé. Síbẹ̀ ọwọ́ kan bá àmì, èkejì kò bá a. Láti ìgbà náà ni kò ti ṣeé ṣe fún onímọ̀ kan láti sọ pé àìfarabalẹ̀ nìkan ni ó ń mú ọwọ́ ṣe àṣìṣe.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kò ka ìwé àwọn dókítà. Ní àkókò kan náà yìí, èrò mìíràn ti gba ọkàn wọn. Ní 1911, Frederick Winslow Taylor, ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí bí a ṣe lè fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ darí iṣẹ́. Ó ní fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó dára jù. Kí a fi agogo wá a rí, kí a sì kọ́ òṣìṣẹ́ kí ó má ṣe yà kúrò lórí rẹ̀. Frank Gilbreth, ará Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀, so iná kéékèèké mọ́ ọwọ́ òṣìṣẹ́, ó sì fi kámẹ́rà ya ipa tí iná náà ń tọ̀. Lójú irú àwọn ènìyàn báyìí, ìyàtọ̀ nínú ìrìn ọwọ́ jẹ́ àdánù lásán: bí ọwọ́ òṣìṣẹ́ bá lè máa lọ kí ó máa bọ̀ bí apá ẹ̀rọ, ayé iṣẹ́ á gún régé.

Èrò yìí kò dúró sí Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tí ìjọba àtijọ́ ti dojú dé ní Rọ́ṣíà ní 1917, àwọn olùdarí tuntun fẹ́ sọ orílẹ̀-èdè àwọn àgbẹ̀ di orílẹ̀-èdè ẹ̀rọ ní kíákíá. Aleksei Gastev, akéwì tí ó ti ṣe iṣẹ́ irin rí, dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Gbogbogbòò nípa Iṣẹ́ sílẹ̀ ní Moscow ní nǹkan bí 1920. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí ó ti yẹ kí wọ́n gbé òòlù sókè àti bí ó ti yẹ kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Ní 1922, dókítà kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún dara pọ̀ mọ́ wọn. Nikolai Aleksandrovich Bernstein ni orúkọ rẹ̀. Moscow ni wọ́n ti bí i ní 1896, baba rẹ̀ sì jẹ́ dókítà àwọn tí ọkàn wọn dàrú. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni kí ó wá ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó dára jù láti fi òòlù lu irin ẹnu mímú tí wọ́n fi ń gé irin.

Bernstein so gílóòbù kéékèèké mọ́ òòlù àti mọ́ àwọn oríkèé apá òṣìṣẹ́. Ó gbé kámẹ́rà síwájú rẹ̀, ó sì fi àwo tí ó ní ihò, tí ń yí kíákíá, sí iwájú ojú kámẹ́rà náà, kí iná lè máa wọlé kí ó sì máa dáwọ́ dúró ní ìgbà púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Báyìí ni ó ṣe rí gbogbo ibi tí èjìká, ìgbọ̀nwọ́, ọrùn ọwọ́ àti orí òòlù wà ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ ni ó ń wò. Ògbólógbòó òṣìṣẹ́ ni, ẹni tí ó ti lu irú irin bẹ́ẹ̀ ní àìmọye ìgbà. Bí ọ̀nà kan ṣoṣo bá wà, ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n ti rí i.

Kò rí i níbẹ̀. Orí òòlù ń bá irin ní ibi tí ó yẹ nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n àwọn oríkèé apá kò ṣe ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí èjìká bá lọ síwájú jù díẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ á fà sẹ́yìn díẹ̀. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá pẹ́, ọrùn ọwọ́ á yára. Ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ìrìn àwọn oríkèé pọ̀ ju èyí tí ó wà ní orí òòlù lọ. Èyí yani lẹ́nu, nítorí pé òṣìṣẹ́ kò di orí òòlù mú. Apá ni ó ń gbé e. Bí oríkèé kọ̀ọ̀kan bá ń ṣe àṣìṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó yẹ kí gbogbo àṣìṣe náà gbárajọ sí orí òòlù ni. Dípò èyí, wọ́n ń pa ara wọn rẹ́, bí ìgbà tí àwọn onílù bá ń gbọ́ ìlù ara wọn, tí ọ̀kan ń di àlàfo tí èkejì fi sílẹ̀.

Bernstein ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi rí gbòǹgbò rẹ̀. Láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, ọ̀nà 7 ni apá ènìyàn lè gbà yí. Ṣùgbọ́n láti gbé ọwọ́ dé ibì kan nínú àyè, 3 péré ni ó pọn dandan. Nítorí náà, kò sí ibi tí ọwọ́ ń lọ tí kò ní ọ̀nà púpọ̀ tí ó lè gbà dé ibẹ̀. Ìṣòro ọpọlọ ni bí yóò ti ṣe ìkóso ọ̀pọ̀ yìí. Ọ̀gá nínú iṣẹ́ kì í há ọ̀nà kan ṣoṣo sórí. Ìṣòro iṣẹ́ náà ni ó ń yanjú ní ọ̀tun ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, bí apá rẹ̀ àti ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ ṣe rí ní àkókò náà. Ó sọ èyí ní gbólóhùn kan tí àwọn onímọ̀ kò gbàgbé mọ́: ìdánrawò jẹ́ àtúnṣe tí kò tún ohun kan náà ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọwọ́ òṣìṣẹ́ máa lọ bí apá ẹ̀rọ ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí yóò mú iṣẹ́ bàjẹ́.

Ogun àgbáyé kejì mú ẹ̀rí mìíràn wá. Àwọn onímọ̀ Soviet méjì, Aleksei Leontiev àti Aleksandr Zaporozhets, ń ran àwọn ọmọ ogun tí apá wọn fara gbọgbẹ́ lọ́wọ́ kí wọ́n lè tún lo apá náà. Ní 1945 wọ́n tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Bí wọ́n bá wí fún ẹnì kan pé kí ó kàn gbé apá sókè, apá náà á dé ìwọ̀n kan, á sì dúró. Bí wọ́n bá fi àmì kan hàn án pé kí ó fi ọwọ́ kàn án, apá náà á ga sí i. Bí wọ́n bá wá fi ohun kan sí òkè kí ó mú un, apá kan náà, pẹ̀lú ọgbẹ́ kan náà, á tún ga ju ti ìṣáájú lọ. Iṣan kò yí padà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni ó yí padà. Ohun tí Bernstein ti rí lára alágbára òṣìṣẹ́ ni àwọn wọ̀nyí rí lára aláìsàn, pé ibi tí ọwọ́ ń lọ ni ó ń kó apá jọ.

Ní 1947, Bernstein kó ìmọ̀ rẹ̀ jọ sínú ìwé ńlá kan lórí bí ara ṣe ń to ìṣípòpadà rẹ̀. Ní 1948 wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Stalin, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀bùn tí ó ga jù ní ilẹ̀ Soviet nígbà náà. Ṣùgbọ́n inú dídùn kò tọ́jọ́. Ní 1950, wọ́n pe ìpàdé ńlá kan ní Moscow, níbi tí wọ́n ti pinnu pé ẹ̀kọ́ Ivan Pavlov, tí ó ti kú ní 1936, ni gbogbo onímọ̀ nípa ìṣiṣẹ́ ara gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Pavlov kọ́ni pé bí a bá ti so ìpè kan mọ́ ìdáhùn kan, ara yóò máa dá ìdáhùn náà padà. Bernstein ti ń sọ tipẹ́ pé ìṣípòpadà kì í ṣe ìdáhùn lásán, pé ète tí ń bẹ níwájú ni ó ń darí rẹ̀. Wọ́n ta kò ó nínú ìwé ìròyìn, wọ́n gba yàrá ìwádìí lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn sì di ẹni tí ń ṣe àkópọ̀ ìwé àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kí ó tó lè jẹun. Kò yí ohùn rẹ̀ padà. Nígbà tí ó kú ní 1966, àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ti ń padà wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ìwé rẹ̀ kan jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí kà wọ́n. Gastev, tí ó gbà á sí iṣẹ́, kò rí ọjọ́ náà. Wọ́n ti mú un ní 1938, wọ́n sì pa á ní 1939.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ń rí báyìí ní Moscow, àwọn ará Amẹ́ríkà ń sin òkú awakọ̀ òfurufú. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ òfurufú ni ó bàjẹ́ láìsí pé ọ̀tá yìnbọn sí wọn. Ìwé ìwádìí á ní ẹ̀bi awakọ̀ ni. Ní 1943, Alphonse Chapanis yẹ ọkọ̀ òfurufú B-17 wò, ó sì rí i pé ohun ìdarí ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti ohun ìdarí pátákó ẹ̀yìn apá ọkọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì jọ ara wọn bí ìbejì. Awakọ̀ tí ó ti rẹ̀, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀, a na ọwọ́ sí ọ̀kan, ọwọ́ á sì bọ́ sórí èkejì. Ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ká, ni ọkọ̀ bá fi inú balẹ̀. Chapanis so rọ́bà tí ó rí bí táyà mọ́ ọ̀kan, ó sì so ohun tí ó rí bí apá mọ́ èkejì, kí ọwọ́ lè mọ ohun tí ó dì mú láìjẹ́ pé ojú wò ó.

Lẹ́yìn ogun, Paul Fitts àti Richard Jones gba ìròyìn 460 lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú nípa àṣìṣe tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lo ohun ìdarí. Ní 1947 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Nǹkan bí ìdajì gbogbo àṣìṣe náà ni ó jẹ́ pé ohun ìdarí kan ni wọ́n mú dípò òmíràn. Awakọ̀ kan lè ṣe àṣìṣe nítorí àìbìkítà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọwọ́ bá ń ṣìnà sí ibi kan náà, ibẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò. Èrò Fitts àti Jones ni pé kí wọ́n tún ohun èlò ṣe kí ó bá ènìyàn mu, kí wọ́n má ṣe máa retí pé kí wọ́n tún ènìyàn dá.

Fitts kò dúró níbẹ̀. Ó fẹ́ mọ òfin tí ọwọ́ ń tẹ̀ lé. Ní 1954, ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio, ó kó ènìyàn 16 jọ, ó sì gbé àwo irin méjì ka iwájú ẹni kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á mú ọ̀pá kékeré kan, wọ́n á sì máa fi kan àwo méjèèjì ní àkànyípo, kí wọ́n yára bí wọ́n ti lè yára tó láìtàsé. Ìbú àwo náà jẹ́ íǹṣì 2, tàbí 1, tàbí ìdajì, tàbí ìdámẹ́rin. Jíjìn wọn sí ara wọn jẹ́ íǹṣì 2, tàbí 4, tàbí 8, tàbí 16. Ohun tí ó rí lẹ́wà. Bí wọ́n bá sọ jíjìn di ìlọ́po méjì, tí wọ́n sì sọ ìbú di ìlọ́po méjì pẹ̀lú, àkókò tí ọwọ́ ń lò kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Bí wọ́n bá dín ìbú kù sí ìdajì láìfọwọ́ kan jíjìn, àkókò á fi ìwọ̀n kan lé; bí wọ́n bá tún dín in kù sí ìdajì, ìwọ̀n kan náà ni á tún fi lé. Ìyára àti ìṣedéédéé dà bí owó tí ènìyàn ń ṣẹ́: bí ó bá gba púpọ̀ nínú ọ̀kan, yóò san nínú èkejì. Ní 1978, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Xerox ní Kalifọ́níà fi òfin Fitts wọn ohun èlò kékeré tí a fi ń tọ́ka sí nǹkan lójú kọ̀ǹpútà, ó sì bá a mu. Títí di òní, àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà àti tẹlifóònù alágbèéká ń tẹ̀ lé òfin yìí nígbà tí wọ́n bá ń pinnu bí ibi tí ìka yóò tẹ̀ ti gbọ́dọ̀ tóbi tó.

Òfin ti wà, ṣùgbọ́n kí ni ó fa òfin náà? Kí ló dé tí ọwọ́ tí ó yára kò fi lè ṣe déédéé? Woodworth ti dárúkọ ojú tí kò rí àyè. Ní 1979, Richard Schmidt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ìdí kan tún wà: bí agbára tí a fi ju ọwọ́ bá ti ń pọ̀ sí i ni ìfọ́nká ibi tí ọwọ́ ń bà sí ń pọ̀ sí i, kódà nígbà tí ìrìn náà kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè ràn án lọ́wọ́. Ní 1998, Christopher Harris àti Daniel Wolpert, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, so okùn náà pọ̀. Wọ́n ní àṣẹ tí ọpọlọ ń fi rán sí iṣan kì í mọ́ gaara. Ariwo díẹ̀ máa ń wà nínú rẹ̀, bí rédíò tí ń ṣe kàràkàrà. Bí àṣẹ náà bá ti lágbára tó ni ariwo náà ń pọ̀ tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ yára gbọ́dọ̀ pàṣẹ tí ó lágbára, ẹni tí ó bá sì pàṣẹ tí ó lágbára ti gba ariwo mọ́ ọn. Kì í ṣe inú iṣan nìkan ni èyí mọ. Ní 2006, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford ṣe ìwádìí lára àwọn ọ̀bọ tí wọ́n kọ́ láti na ọwọ́, wọ́n sì rí i pé apá kan tí kò kéré nínú ìyàtọ̀ ìyára ọwọ́ ti wà nínú ọpọlọ nígbà tí ó ṣì ń gbèrò, kí ọwọ́ tó kúrò níbi tí ó wà.

Bí ariwo kò bá ṣeé mú kúrò, ọgbọ́n wo ni ó kù? Ní 2002, Emanuel Todorov àti Michael Jordan fi ìṣirò dáhùn. Wọ́n ní ọpọlọ tí ó gbọ́n kì í tún gbogbo àṣìṣe ṣe. Èyí tí yóò ba iṣẹ́ jẹ́ nìkan ni í tún ṣe, a sì fi ìyókù sílẹ̀, nítorí pé àtúnṣe pàápàá ń mú ariwo tirẹ̀ wá. Bí a bá fi èyí wo òṣìṣẹ́ tí Bernstein yà ní àwòrán, ohun gbogbo á yéni. Èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ń rìn bí ó ti wù wọ́n, nítorí pé ìyẹn kò pa irin lára. Orí òòlù kò ṣìnà, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ohun tí wọ́n gba yàrá ìwádìí lọ́wọ́ rẹ̀ lé lórí ti wá di ohun tí ìṣirò jẹ́rìí sí.

Ìwádìí kan tún wà tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ àti àwọn ọ̀gá iṣẹ́ gbọ́. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Harvard kọ àwọn ènìyàn ní ìrìn ọwọ́ tuntun. Wọ́n kọ́kọ́ wọn bí ọwọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan ti ń yàtọ̀ tó kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ìyàtọ̀ wọn pọ̀ ní ìhà tí ẹ̀kọ́ náà wà ni ó yára mọ̀ ọ́n. Àwọn ìwádìí mìíràn tí ó tẹ̀ lé e kò rí i bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo irú ẹ̀kọ́, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di òfin. Síbẹ̀, ó fi hàn pé ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ tí ń ṣá lọ ṣá bọ̀ lè máa wá ọ̀nà ni. Ẹni tí ó nà án kí ọwọ́ rẹ̀ lè dúró ṣinṣin lè máa na ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ ń gbà wọlé.

Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ìtàn yìí ń kọ́ni, láti pẹ́ńsùlù Woodworth dé ìṣirò òde òní. Kò sí ọwọ́ tí kì í ṣìnà. Ọwọ́ ọmọdé ń ṣìnà, ọwọ́ ọ̀gá ń ṣìnà. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ọ̀gá ti mọ àṣìṣe tí ó lè jẹ́ kí ó kọjá àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó kọjá. Èyí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ìbáwí mọ́, nítorí pé àìbìkítà wà láyé. Ṣùgbọ́n kí onídàájọ́ tó na ìka sí ẹni tí omi dà nù lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ kí ó bèèrè pé: ṣé wọ́n fún ojú rẹ̀ ní àyè láti ran ọwọ́ lọ́wọ́? Ṣé ibi tí wọ́n ní kí ó fi ọwọ́ kàn tóbi tó, ṣé ó sì yàtọ̀ sí èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ṣé ara rẹ̀ le? Bí onídàájọ́ náà bá sì ti bèèrè tán, kí ó wo ìka tí òun fúnra rẹ̀ nà. Bí ó bá tún un nà lẹ́ẹ̀kejì, kò ní gba ọ̀nà tí ó kọ́kọ́ gbà.